Iye Tí Mi Ò Lè Fẹnu Sọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé tí mo kọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama, sípánà sì mọ́ mi lọ́wọ́ ju bírò lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an ni mo kàn fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ àtúnṣe inú ilé ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́: ẹ̀rọ omi tó ń jò, ilẹ̀kùn tí kò pa dé mọ́, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya. Bàbá mi ló kọ́ mi kí wọ́n tó kú. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ fún ènìyàn tán, tí onítọ̀hún béèrè iye rẹ̀, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Ohun tí ọwọ́ yín bá ká." Láyé tiwọn, kò burú. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe kì í gbàgbé wọn nígbà tó bá wa iṣu.

Èmi náà jogún ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ àpótí irinṣẹ́. Ojú máa ń tì mí láti dárúkọ owó níwájú àgbà. Àwọn kan á fún mi ní ohun tí kò tó ra wọ́ṣà ẹ̀rọ omi kan, àwọn mìíràn á kàn gbàdúrà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Èkó ti ní bí oṣù tí a wà nínú rẹ̀ nígbà náà bá fi parí tí iṣẹ́ náà kò bọ́ mi, kí n wá bá òun tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fẹ́ lọ. Inú mi máa ń dùn bí omi tó ti ń jò látọjọ́ bá dúró lábẹ́ ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù náà, màmá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pè mí. Wọ́n ti kọ́ yàrá mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n fẹ́ fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ omi kan ṣe kí àwọn wò ó. Nígbà tí mo ṣe é tán, wọ́n ṣí i, wọ́n tì í, ẹ̀kán omi kan kò kán sílẹ̀.

"Uṣẹ́ rẹ dáa o," màmá wí. "Yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ńkọ́? Èló?"

Mo wolẹ̀. "Ohun tí ọwọ́ yín bá ká, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ń fowó ránṣẹ́. Ó ní kí n sọ iye rẹ̀ fún òun. Ṣé 'ohun tí ọwọ́ yín bá ká' ni kí n tẹ̀ sórí fóònù? Á ní ìyá òun ti ń ṣarán!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi padà sínú àpótí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tí kò mọ iye tí uṣẹ́ rẹ̀ tó, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Ọkùnrin mìíràn tó ń ṣe irú uṣẹ́ rẹ ń bọ̀ láti Adó lọ́la, tòun ti iye tirẹ̀. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, wá sọ ọ́ kó tó dé."

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún ìyá mi.

"Bàbá rẹ kì í dá iye lé àgbà," wọ́n wí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. "Àmọ́ bàbá rẹ ní oko tó ń bọ́ wa."

Èmi ò lóko.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ díẹ̀, mo ti wà nílé màmá. Mo ka ẹ̀rọ omi, mo ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò, mo wọn fèrèsé. Mo ya ojú ewé kan nínú ìwé, mo kọ iye ohun tí n ó rà sọ́tọ̀, mo kọ iye iṣẹ́ ọwọ́ mi sọ́tọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n pa èkejì rẹ́. Mi ò pa á rẹ́. Mo ti ìwé náà sábẹ́ ilẹ̀kùn màmá.

Mo gbọ́ ìró sálúbàtà wọn nínú ilé. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré. Mo gbé àpótí bàbá mi kalẹ̀, mo jókòó lé e, mo sì dúró dè wọ́n.