Owó Ẹyọ Méjì Lára Ilẹ̀kùn Àna Wa

Orí òkìtì yanrìn tí ìjọ kó jọ láti fi kọ́ kíláàsì tuntun ni a ti ń ja ogun tiwa. Ogun gidi wà lọ́nà jíjìn, lódìkejì Odò Ọya, a kò sì gbúròó ìbọn rẹ̀ rí ní Ọ̀mù-Àrán. Rédíò la fi ń gbọ́ ọ, àti ẹnu àwọn awakọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí mo bá ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi tán, àwa mẹ́ta á pàdé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, a ó tún ogun náà jà bí ẹni pé àwa ni wọ́n fi sí ìdí ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa jẹ́ tíṣà kékeré, tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí. Ìkejì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lórí lọ́rì tó ń kó iṣu lọ sí Lọ́kọjá. Èmi ni ẹ̀kẹta. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, mo ka ìwé mẹ́fà, ibẹ̀ ni owó tán, wọ́n sì fi mí sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀.

Ekùrọ́ ni ọmọ ogun ìjọba, hóró àgbàdo ni ti ìlà-oòrùn. Páálí ìṣáná ni ọkọ̀ ogun, ìṣó ni ìbọn ńlá, ìyẹ́ ẹtù ni ọkọ̀ òfurufú. Ibi tí nǹkan bá ti jóná, a ó fi èédú kan síbẹ̀. Èmi ló ń mú àkísà pupa wá láti ṣọ́ọ̀bù, òun la fi ń sààmì ibi tí wọ́n bá ti dá ara wọn dúró. Owó ẹyọ ni àwọn tó ń ṣọ́ afárá.

Àríyànjiyàn wa pọ̀ ju ogun náà lọ. Tíṣà a máa sọ pé, "Ogun kì í ṣe ti ìbọn. Ti ikùn ni. Ẹni tó bá ti dí ọ̀nà iyọ̀, kó lọ sùn, ó ti ṣẹ́gun."

Ọmọ ọkọ̀ á ní, "Tíṣà, ìwé lo fi ń jagun. Ọkọ̀ ogun tí ò ń tì káàkiri yẹn, irin ni látòkè délẹ̀. Jẹ́ kó wọ ẹrẹ̀ ọ̀nà Òwu-Ìsin lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà á rí i. Ilé adìẹ ló máa dà."

"Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọkọ̀, òun ló ni ọ̀nà."

"Ìjọba wo? Ṣé àná kọ́ la kúrò lábẹ́ Àríwá? Wọ́n ní a ti di Kwara. A ò tíì mọ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọ́n ti ní ká wá kú."

"Ẹni tó fún ọ ní ilé, tí iná bá mú òrùlé rẹ̀, o ò ní bá a pa á?"

"Kó kọ́kọ́ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ná!"

A ó rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ di apá ìlà-oòrùn mú nínú eré náà. Èmi tí mo kéré jù ni wọ́n máa ń kó o fún, gbogbo ìgbà ni tíṣà sì máa ń gba afárá lọ́wọ́ mi. Ó máa ń bí mi nínú. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àna wa.

Àna wa ni gbogbo ìlú ń pe ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe létí ọ̀nà Arandun. Ará ìlà-oòrùn ni. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ kó ẹrù lọ, òun kò lọ. Ọmọ Arandun ni ìyàwó rẹ̀, bàbá ìyàwó sì ti lọ dúró níwájú àwọn àgbà ìlú wa, ó ní, "Ọmọ mi ló wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi ló fọwọ́ kàn." Àwọn àgbà gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn nìkan ni odi tí ọkùnrin náà ní láyé. Ọmọ méjì wà nínú odi náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ó ti bá àwọn òyìnbó lọ sógun Bọ́mà rí, mọ́tò ló ń tún ṣe níbẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń lẹ táyà, mo sọ ohun tó ń ṣe mí.

"Télọ̀," ó ní, "afárá wo? Èyí tí ẹ fi igi ìṣáná ṣe?"

"Òun ni, bàbá. Wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ibo ni àwọn ọmọ ogun rẹ kọjú sí?"

"Ọ̀dọ̀ ọ̀tá."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ta ló wá ń wo ẹ̀yìn? Afárá lẹ́nu méjì, ọmọ mi. Jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ọ́ lógun, òun ló ń bá ọ wo ibi tí ojú rẹ kò dé." Ó wá wo ọ̀nà sọ́tùn-ún sósì. "Ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Eré ni tìrẹ. Èmi ò lè bá yín ṣe irú eré yẹn."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bàbá ìjọ ka ìkìlọ̀ ọlọ́pàá létí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹni tí wọ́n bá ká àwòrán afárá tàbí ti ọ̀nà mọ́ lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ ọ̀tá ni, wọn ó gbé e lọ. Tíṣà yí ojú padà wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, nígbà tí Sátidé dé, a tún lọ. Ẹ̀rù ń bà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ti wọ inú adùn eré náà.

Ọjọ́ yẹn ni mo fi owó ẹyọ méjì sórí afárá, mo kọ ẹ̀yìn wọn síra wọn. Tíṣà gba ẹ̀yìn wá bí ìṣe rẹ̀, ó sì bá owó ẹyọ kejì níbẹ̀ tó ń wo òun.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Mo ronú ni."

"Irọ́! Orí tí kò lè ka ìlọ́po méje!" Ọmọ ọkọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ọkàn mi ń jó. Ibẹ̀ ni òjò ti ṣú.

Àṣà wa ni pé bí òjò bá fẹ́ ba ogun wa jẹ́, èmi ni mo máa ń fi òwú sín àwọn àmì tó ṣe pàtàkì ní ìtòtẹ̀léra, láti apá ìlà-oòrùn wá, kí a lè tò wọ́n padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sín wọn kíákíá: èédú, owó ẹyọ méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn, àkísà pupa, ìyẹ́ ẹtù. Mo so ó, mo sáré.

Òjò ká mi mọ́ iwájú ilé àna wa, mo sá sábẹ́ àtíbàbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí ọlọ́pàá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ nínú òjò, ọ̀dọ̀ mi gan-an ló dorí kọ. Okùn ogun wà lọ́wọ́ mi, afárá wà lára rẹ̀, ìkìlọ̀ bàbá ìjọ sì ń dún létí mi. Ìṣó kan wà lára ilẹ̀kùn àna wa. Mo gbé okùn náà kọ́ ọ, mo bọ́ sínú òjò, mo sá lọ. Mo sọ fún ara mi pé màá padà wá mú un ní òwúrọ̀.

Ọlọ́pàá náà kò tilẹ̀ wò mí. Táyà rẹ̀ ló jò.

Nígbà tí mo padà dé ní àárọ̀, ìṣó nìkan ni mo bá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi náà ni bàbá ìyàwó dé láti Arandun. Ó ní kí gbogbo àwa tí a wà ládùúgbò péjọ sábẹ́ àtíbàbà. Ó tẹ́ ẹní, ó gbé okùn mi lé e. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn ènìyàn. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí. Mo ti gbọ́ nípa àrokò láti kékeré, pé ohun tí ẹnu kò lè sọ, wọn á fi okùn sín in ránṣẹ́. Kò wá sọ́kàn mi rí, torí ojú mi kò rí nǹkan mìíràn ju ogun orí yanrìn lọ.

Ohùn bàbá náà kò sókè. "Ọmọ mi ló rí i ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì kà á bí mo ṣe kọ́ ọ. Owó méjì kọ ẹ̀yìn síra: a ò bá yín ṣe mọ́. Èédú: a ó dáná sun yín. Pupa: ẹ̀jẹ̀. Ìyẹ́: ẹ tètè fò lọ. Ìlú yìí fún mi lọ́rọ̀. Ta ló gba ọ̀rọ̀ náà padà?"

Ọlọ́pàá àná dúró lẹ́yìn, ó wá gba kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tíṣà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sọ ọ́ sí mi létí láìmi ètè, "Tí o bá ya ẹnu, àwa mẹ́ta ni wọ́n máa gbé lọ. Àti ẹni tó kọ́ ọ pẹ̀lú."

Àna wa gbé okùn náà, ó fi àtàǹpàkò ra òwú rẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Télọ̀. Òwú ìránṣọ nìyí. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni. Ohùn ẹni tó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ara lè tù ú ni. Gbólóhùn kan péré ni. Mo rí aṣọ ọlọ́pàá láàárín èjìká àwọn ènìyàn.

Mo ní, "Òwú pọ̀ lọ́jà, bàbá."

Ó mi orí, ó gbé e sílẹ̀.

Bàbá ìyàwó ní, "Ẹni tí mo bá rí, mo lè bá a jà. Ẹni tí n ò rí ńkọ́?" Wọ́n wá pinnu pé kí obìnrin àti àwọn ọmọ bá òun lọ sí Arandun, kí ọkọ lọ sá sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní Lọ́kọjá títí nǹkan á fi rọlẹ̀. Ó bá lọ́rì oníṣu lọ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, lọ́rì tí ọ̀rẹ́ wa ń tẹ̀lé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó kọjá. Mo fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ kí n má baà gbọ́ ohùn ọkọ̀ náà, aṣọ kò sí lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ní Wẹ́sídé, ọmọ ọkọ̀ dé. Kò jókòó. Ó ní àwọn sójà dá wọn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí kálukú sọ ìlú rẹ̀. "Mo ṣẹ́jú sí i pé kó sọ Arandun. Ó sọ ìlú rẹ̀. Wọ́n ní kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ká máa lọ. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró." Ó nu ojú. "Kó tó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí n sọ fún àwọn ará ilé pé kẹ̀kẹ́ tíṣà ti ṣetán, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà."

Ìgbà yẹn ni eré wa tán. Wọ́n fi yanrìn náà kọ́ kíláàsì. Tíṣà ló ń kọ́ àwọn ọmọ nínú rẹ̀ báyìí.

Ogun parí, àna wa kò dé. Mo fi odidi ọdún kan bẹ̀rù ọ̀nà Arandun tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Lọ́dún yìí ni mo lọ. Mo bá obìnrin náà níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó wọlé, ó gbé agolo kan jáde, ó da okùn náà síwájú mi.

"Tò ó, kí n rí i."

Mo tú òwú náà, mo kó yanrìn jọ lórí ilẹ̀, mo fi ìka fa odò. Mo gbé èédú sáyè rẹ̀, mo gbé owó méjì náà sórí afárá.

"Kí ló dé tí wọ́n fi kọ ẹ̀yìn síra?"

"Wọ́n ń ṣọ́ ara wọn ni, àǹtí. Òun ló kọ́ mi."

Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Ní àárọ̀ tí mo rí i, mo fi hàn án. Ó yí i lọ́wọ́ títí. Ó ní, 'Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń ṣọ́ ara wọn ni.' Mo pariwo lé e lórí. Mo ní kí ló mọ̀ nípa àṣà wa."

Kò sunkún, kò lé mi. Ó kó àwọn àmì náà padà sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé e.

"O ó máa wá níbí ní gbogbo ọjọ́ ọjà," ó ní. "Bí ó bá dé, èmi kọ́ ni màá sọ fún un. Ìwọ ni."

Mo ń lọ. Mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, òun a máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ mí, wọ́n ń pè mí ní bọ̀dá télọ̀. Bí lọ́rì bá dúró ní títì, tí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan bá sọ̀kalẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀, ọwọ́ obìnrin náà a dúró lórí ẹ̀gẹ́. Èmi a dìde. Mo ti dìde ní iye ìgbà tí n kò lè kà mọ́, títí di òní n kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀rẹ̀.