Ta Ló Tún Ọ̀rọ̀ Mi Sọ?

Kì í ṣe àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìyàwó mi nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún, òun náà kò sì fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé mọ́.

Nígbà yẹn, iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn páílọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní pápákọ̀ òfuurufú, ní Àbújá níbí. Inú ilé gogoro onígíláàsì la máa ń jókòó sí, èmi àti Sani, ọmọ Hausa kan tó kàwé ní Ìlọrin tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bàálù kankan kò gbọdọ̀ gbéra àfi tí a bá ní kó gbéra. Ohun tí a bá sì sọ fún páílọ́ọ̀tì, ó gbọ́dọ̀ tún un sọ fún wa. Bó bá tún un sọ tí kò ṣì í, ọkàn wa balẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Páílọ́ọ̀tì kan wà tó ń jẹ́ Rájí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. N kò fojú kàn án rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ mi lọ́jọ́ kan tí ẹnu mi kún fún oúnjẹ àárọ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti dókè, tí mo sì fà á lé àwọn tó kàn, tí wọ́n ń darí bàálù lójú òfuurufú, lọ́wọ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra jẹ búrẹ́dì o. Ó dàbọ̀."

Èmi náà á ní, "Ó dàbọ̀, àbúrò."

Sani á bú sẹ́rìn-ín. "Kai, Ọ̀gá! Ìyàwó yín orí rédíò tún ti fò lọ."

Àìsàn ráńpẹ́ ló pa Rájí, nínú ilé rẹ̀. Wọ́n sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́. A gbọ́, a ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, iṣẹ́ ń lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, nínú ọyẹ́. Eruku ti bo pápá, a kò rí ìdí ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra. Bàálù kan tó ń lọ sí Èkó dúró síbẹ̀, èrò kún inú rẹ̀, ó ń retí mi. Òmíràn ń bọ̀ láti Kánò, ọ̀nà kan náà ló sì fẹ́ balẹ̀ sí, torí ọ̀nà kan ṣoṣo la ní.

Mo tẹ rédíò, mo ní kí ti Èkó gbéra. Ohùn kan tún un sọ. Kò ṣì í rárá, nọ́ńbà bàálù náà pé.

Ohùn Rájí ni.

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò tilẹ̀ fò sókè. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ohùn náà ní òun ti dókè. Ọwọ́ mi tẹ rédíò bó ṣe máa ń ṣe, mo fà á lé àwọn tó kàn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra jẹ búrẹ́dì o. Ó dàbọ̀."

"Ó dàbọ̀, àbúrò."

Mo dá a lóhùn. Ọlọ́run mọ̀ pé mo dá a lóhùn.

Ti Kánò bèèrè bóyá ọ̀nà ti ṣófo. Mo ní kó máa balẹ̀ bọ̀.

Ìgbà náà ni ojú mi lọ síbi ife tíì mi. Bí bàálù bá ń gbéra, gíláàsì ilé wa a máa gbọ̀n, tíì inú ife a sì máa mì. Tíì ọjọ́ náà kò mì.

Sani sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó ń gbéra?"

"Rárá."

"Èmi náà kò gbọ́."

Mo kígbe sórí rédíò pé kí ti Kánò má balẹ̀ mọ́, kó padà sókè. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ìró rẹ̀ kọjá lórí wa, tíì dànù sórí tábìlì.

Lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sórí rédíò. Páílọ́ọ̀tì bàálù Èkó gan-an ni. Ó ní àwọn ṣì wà ní ìdí ọ̀nà, ṣé a ti gbàgbé àwọn ni? Láti ìgbà tí òun ti ní òun ṣe tán, òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn ọ̀gá gbọ́ téèpù tó gba ọ̀rọ̀ orí rédíò wa sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohùn mi wà níbẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, mo tún ń sọ̀rọ̀. "Ó dàbọ̀, àbúrò" wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní ó rẹ̀ mí ni, kí n lọ sinmi. Sani dorí kodò, kò gbè mí lẹ́sẹ̀. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tán ló tó sọ ọ́ sí mi létí.

"Búrẹ́dì. Ó sọ̀rọ̀ búrẹ́dì."

Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

N kò mọ̀ bóyá Rájí ni. Bó bá jẹ́ òun ni, kí la ṣe fún un? Bí kì í bá ṣe òun, ta ló gbé ohùn rẹ̀ wọ̀? N kò fọwọ́ kan rédíò mọ́.

Ní kékeré, ìyá mi máa ń kìlọ̀ fún wa pé bí a bá gbọ́ tí ẹnìkan pè wá, tí a kò rí i, ká má dáhùn. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí mo lọ yàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ohùn tí ẹ mọ̀ bá dá yín lóhùn, kódà kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, ẹ kọ́kọ́ wo ife tíì yín. Ẹ má sì dágbére fún ẹni tí ẹ kò rí.

Bí ẹ bá pè mí lórí fóònù, ìyàwó mi ni yóò gbé e. Ẹ má bínú. Láàárọ̀ àná, ó gbé e, ó gbọ́ díẹ̀, ó pa á. N kò bi í pé ta ni. Ó kàn kó búrẹ́dì tó wà níwájú mi, ó lọ dà á nù.