Ìwọ̀fà Pàápàá Ń Relé

Ọmọ mi, ìwọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kọ ọ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìlódè níbí ni báàgì ọkùnrin kan wà. Ọmọ Tógò ni, ó ń bá mi ṣiṣẹ́ lóko kòkó tí ọkọ mi fi sílẹ̀. Ọ̀gá tó kó òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti ìlú wọn ló kó ẹrù gbogbo wọn fún mi, ó ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀ títí a ó fi ká kòkó tán. Aṣọ wọn wà níbẹ̀, káàdì tí wọ́n fi ń kọjá bọ́dà náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí àlejò má baà sá lọ nígbà tí kòkó bá pọ́n.

Kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n lọ́dún tó kọjá ni wọ́n pè é lórí fóònù pé ìyá ẹ̀ kú, pé kó tètè máa bọ̀ wá sin ín. Ó wọlé tọ̀ mí wá, kò jókòó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù mi."

Ọ̀gá ẹ̀ ti tẹ̀ lé e wọlé. "Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Bó bá lọ, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó wá gbé àdá?"

Mo ní, "Mo lè gbé e. Ìwọ ṣáà má sún mọ́ mi tí mo bá ń jù ú."

Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kọjú sí ọ̀gá náà, ó ní, "Bùrọ̀dá, àwọn òyìnbó tó ń jẹ kòkó wa ti ṣòfin. Ẹni tó bá gba káàdì àlejò kó má lè lọ, wọ́n ní ó fi ipá mú un ṣiṣẹ́ ni. Kòkó oko bẹ́ẹ̀ ò ní wọ ìlú wọn. Èmi náà ò sì ní rà á."

"Òyìnbó? Àwọn tó kó baba ńlá wa sínú ọkọ̀ ojú omi?"

"Àwọn náà ni. Àwọn náà ló ń rà á."

Èmi ò dúró de òfin kankan. Baba bàbá mi ṣe ìwọ̀fà rí, nítorí owó tí wọ́n yá. Ó ń roko olówó láàárọ̀, bó bá di ọ̀sán, a máa lọ sóko ara ẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣòkú nílé wọn, kò sẹ́ni tó ń dá a dúró. Mo bi ọ̀gá náà pé, "Ṣé ọkùnrin yìí jẹ ọ́ lówó?"

"Rárá, Màmá."

"Ìwọ̀fà ń relé, kí ló dé tí òun ò lè relé?"

Ó yẹra lójú ọ̀nà fún mi. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, àmọ́ kọ èyí náà sí i: tí kì í bá ṣe òfin yẹn, ì bá bá mi jiyàn di alẹ́. Kòkó tí ẹnikẹ́ni ò ní rà ló pa á lẹ́nu mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa báàgì náà jáde fúnra mi. Ọmọ Tógò ṣí i, ó wo káàdì ẹ̀ finnífinní, ó fi sápò kó tó dọ̀bálẹ̀. Mo fún un lówó iṣẹ́ tó ti ṣe.

Ọ̀gá ní, "Kòkó yín á rà lórí igi o."

"Á rà díẹ̀."

Lóòótọ́ ló rà díẹ̀. Àwọn tó kù wá gba ẹrù wọn lọ́jọ́ kejì, mo kó o fún wọn. Kò sẹ́ni tó lọ nínú wọn.

Nígbà tó yá, ọmọ Tógò náà pè mí lórí fóònù. Ó ní òun bá ìyá òun lókè ilẹ̀, òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wọlẹ̀. Mo ní ṣé yóò padà wá. Ó ní òun ò tíì mọ̀, pé bàbá òun nìkan ló kù nílé.

Mo ní kó fara balẹ̀ jókòó ti bàbá ẹ̀.