Ojú Mi Lára Ère Idẹ

Ojú mi ló wà lára ère idẹ tó wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Ìyànà Ìbà: ilà pélé mi, awò ojú mi, gbogbo rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ọgbà náà fẹ́ fi ère yẹ́ àwọn obìnrin tó kọ́ ọmọ àdúgbò wa sí, fọ́tò mi sì ni ẹni tó rọ ọ́ wò ṣe é.

Alága ìgbìmọ̀ náà ni obìnrin tó gba ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó lọ bá àwọn aláṣẹ, ó ní ẹnu mi ti mú jù. Jógíráfì ló ń kọ́ni, kì í ṣe Yorùbá. Òun náà ló ní kí wọ́n kọ ÀWỌN ÌYÁ WA sábẹ́ ère. Níbi ìpàdé, mo ní kó fi “olùkọ́” kún un, torí bí gbólóhùn yẹn bá dá dúró, àjẹ́ ni aráàlú yóò kà á sí. “Ìyá wa” la máa ń pe àwọn àjẹ́ kí wọ́n má baà bínú.

“Màdáámù, ẹ gbé bírò pupa yín sílẹ̀,” ló wí. “Ẹ ti fẹ̀yìn tì.”

Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ fi ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀ ní Ìyá Àjẹ́. Lẹ́yìn náà ni oyún bàjẹ́ lára obìnrin kan ní Ajáńgbádì, àwọn kan sì ní ère yẹn ló jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà tí mo bá èrò nínú ọgbà. Àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ń da iyọ̀ sí ère lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan gbé táyà àlòkù kọ́ èjìká. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe ní Èkó. Idẹ kò lè jó. Èmi lè jó.

Obìnrin kan wo ère, ó wò mí. “Ẹ wo màmá yìí.”

Alága wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó tó gbìn. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò lẹ́nu rẹ̀, pé olùkọ́ ni ère yẹn dúró fún. Ó wò mí dáadáa, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Mi ò mọ̀ wọ́n o.”

Ó tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi.

Mo bọ́ awò, mo fa ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò sáré, torí ẹni tó bá sáré ni wọ́n ń lé. Bàìbàì ni mo ń wo ọkọ̀ bí mo ṣe ń sọdá títì.

Wọ́n ti yọ àkọlé náà báyìí, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ère ṣì wà níbẹ̀. Ìbomú ni mo ń wọ̀ jáde nínú ooru yìí. Bí ẹnìkan bá sì kí mi láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ káàárọ̀, ìyá wa,” ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ yá kí n tó rántí pé ìkíni lásán ni.