Ẹni Tó Tún Un Ṣe Ni Kó Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́

Bí ẹ bá dárúkọ Caleb Mákindé ní Ìmàṣàyí, ọ̀rọ̀ òjá ni ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí àtúnṣe hẹlikópítà ogun àkọ́kọ́ ní ibùdó ọmọ ogun òfuurufú kan lókè Ọya, wọ́n ti yọ ìbọn rẹ̀ kúrò, wọ́n ti dí gbogbo ihò ọta ara rẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀pá ìdarí kejì sí i, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè jọ máa wà á. Caleb, tó jẹ́ mẹkáníìkì, ní òun ni òun yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó rán an. Ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ ní kó dúró sílẹ̀, torí gbogbo ibùdó ló mọ̀ pé bí Caleb bá gun àkàbà lásán, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ó wọlé, ó de bẹ́líìtì, ó wá fa aṣọ gígùn kan yọ nínú àpò, ó fi de ara rẹ̀ mọ́ àga lẹ́ẹ̀kejì.

"Sájẹ́ǹtì, kí nìyẹn?" ni páílọ́ọ̀tì bi í.

"Òjá ìyàwó mi ni, sà."

"Ṣebí o ti de bẹ́líìtì."

"Bẹ́líìtì yẹn, ìjọba ló rà á, sà. Èyí ti pọn ọmọ mẹ́ta, kò sì já rí."

Wọ́n gbéra. Caleb di ojú, ó ń ka Sáàmù, ó ń bì. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ó nu ẹnu, ó sì sọ fún àwọn tó dúró pé ọkọ̀ náà dára, kí wọ́n máa kó ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí gbogbo èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bàrúwà, ọmọ Ìlaròó tó jẹ́ àbúrò fún un lẹ́nu iṣẹ́, ló ń fi í rẹ́rìn-ín jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ni mo fi di nọ́ọ̀tù rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ."

"Ó dáa. Wá jókòó tì mí."

Bàrúwà a sì rántí pé òun gbé omi kaná.

Ẹ má rò pé ibi iṣẹ́ nìkan ni ìwà yìí mọ. Nígbà tí Caleb fẹ̀yìn tì, ó gbé e wá sílé odindi. Ní Ìdí-Ìrókò, ó dúró ti ọlọ́kadà kan tí wọ́n ń pè ní Málọmọ́, kò gun ọ̀kadà rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Ta ló tún un ṣe kẹ́yìn?"

"Mẹkáníìkì mi ni, Bàbá. Àná ló tún bùréèkì rẹ̀ ṣe."

"Lọ pè é wá."

"Kó wá ṣe kí ni?"

"Kó wá jókòó lẹ́yìn mi."

Mẹkáníìkì wá tòun ti gíríìsì lọ́wọ́, ó rò pé ẹnì kan fẹ́ gbé iṣẹ́ fún òun ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há mọ́ra lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo títí dé Òkè-Ọ̀dàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, ó takú pé káfíńtà tó kan àga tuntun ni kó kọ́kọ́ jókòó sórí rẹ̀ kí àlùfáà tó jókòó. Inú bí káfíńtà, ó fìbínú jókòó, àga sì ya. Láti ọjọ́ náà, àlùfáà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú Caleb lójú òun.

Ṣùgbọ́n ohun tó bí ìwà náà kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Caleb àti Husain Rájí, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn, ni wọ́n jọ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú nígbà èwe wọn. Caleb ń tún ọkọ̀ ṣe, Husain ń jókòó ti ìbọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ogun gbóná, Caleb di nọ́ọ̀tù hẹlikópítà kan tán, ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí wọ́n máa lọ. Husain ní kó bá òun fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ̀wà tutù, ẹ̀wà kan, Husain kò dé. Ọta ọ̀tá ló já ọkọ̀ náà bọ́. Ohun tí gbogbo ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó dá Caleb lẹ́bi. Òun ló gbé bútà tí Husain fi ń ṣe àlùwàlá lọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá náà gba bútà, ó gbé e lé itan.

"Ìwọ lo tún ọkọ̀ náà ṣe?"

"Èmi ni, Màmá."

"O sì bá wọn wọ̀ ọ́?"

"Rárá, Màmá. Ilẹ̀ ni mo wà."

Ìyá arúgbó náà ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún un. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí i, ìyẹn gan-an ló sì dá egbò sí Caleb lọ́kàn. Láti ìgbà náà ni kò ti di nọ́ọ̀tù ohunkóhun kó má wọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù òkè ń bà á bí ẹ̀rù ikú.

Nígbà tó ti wá di ará ilé, iṣẹ́ àtúnṣe yẹn ló fi ń dí gbogbo wa létí. Ó ní wọ́n ti yọ àwọn aago àtijọ́ iwájú hẹlikópítà náà, wọ́n ti fi gíláàsì tó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n rọ́pò wọn. Ó ní ẹ̀rọ tó ti jagun rí ló gbọ́n ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ọjà. Ó ní wọ́n dára ju tuntun lọ. Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwakẹ́mi, tí òun náà ti di ọmọ ogun òfuurufú, wá sílé wá kí i.

"Bàbá, wọ́n ti mú mi láti kọ́ hẹlikópítà wíwà."

"Èwo nínú wọn?"

"Àwọn tí ẹ̀yin tún ṣe."

"Ṣé wọn ò ní tuntun ni?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n dára ju tuntun lọ."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mo sọ ọ́ fún."

Àwọn àgbà kúkú ti ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru. Síbẹ̀ kò dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa bá olùkọ́ fò títí, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí olùkọ́ yóò bọ́ sílẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dá gbé ọkọ̀ lọ sókè. Caleb ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ni òun yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ náà kí ọmọ òun tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ibùdó, tó mọ̀ ọ́n tipẹ́, rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní kó máa bọ̀.

Jẹjẹrẹ ni kò jẹ́ kó lọ. Inú ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fi máa rí i, ó ti tàn ká. Dókítà kan ní Ìlaròó kọ oògùn fún un, Caleb ní kí dókítà kọ́kọ́ lò ó. Dókítà ní òun kọ́ ni òun ṣe é. Caleb ní kí wọ́n pe ẹni tó ṣe é. Ẹ̀rín ìkẹyìn tí wọ́n fi Caleb rín ní ilé ìwòsàn náà nìyẹn, torí kò pẹ́ tí kò fi lè jókòó mọ́, ká má tíì sọ pé kó rìnrìn àjò lọ sókè Ọya.

Nígbà tí ọjọ́ tí Kẹ́mi yóò dá fò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun bá òun pe Bàrúwà, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi. A ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí lẹ wá ń bi mí?"

"Ta ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?"

Bàrúwà ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ̀kì dára.

Caleb gbé fóònù lé àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò rí rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ìyá Kẹ́mi dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọlọ́run á bá a wọ̀ ọ́."

"Ọlọ́run kọ́ ló di nọ́ọ̀tù rẹ̀," ni Caleb wí.

Ọjọ́ kejì ló kú. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni Kẹ́mi yóò dá fò. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé lọ sìnkú bàbá rẹ̀, Kẹ́mi ní òun yóò kọ́kọ́ fò ná.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsìnkú ló wọ Ìmàṣàyí, wọ́n sì ti gbé pósí sínú ilẹ̀. Àlùfáà ti gbàdúrà tán, àwọn ọkùnrin ti gbá ṣọ́bìrì mú. Ìyá Kẹ́mi ní kí wọ́n dúró.

"Kẹ́mi, sọ fún un."

Kẹ́mi kúnlẹ̀ létí ibojì. "Bàbá, mo gbé e lọ, mo gbé e bọ̀. Èmi nìkan ni."

"Ìyẹn kọ́ ló ń bi ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́?"

"Bàrúwà ni, Màmá. Nígbà tí mo fi máa dé ìdí ọkọ̀, òun àti olùkọ́ mi ti lọ sókè, wọ́n ti bọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó rán òun." Kẹ́mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó bì sára olùkọ́ mi látòkè délẹ̀."

Ẹ̀rín bú yọ létí ibojì, àlùfáà pàápàá kò lè mú un mọ́ra. Ìyá Kẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo pósí náà fúngbà pípẹ́, bí ẹni tó ń dúró kí ẹnì kan gbé èsì wá. Lẹ́yìn náà ló yí sí àwọn tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.

"Ó ti gbọ́," ló wí. "Ẹ máa bò ó."