Ògiri Tí Bàbá Mi Kà

Tí mo bá rántí ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ bàbá mi, ẹ̀rín kì í jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ.

Aránbàtà ni bàbá mi. Bàtà tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ darúgbó. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé rí, àfi Dókítà wa, ẹni tó gbẹ̀bí mi, tó ń tọ́jú gbogbo ilé wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ara ńkọ́?"

"Ó le koko bí ọta!"

Àní bí ikọ́ bá fẹ́ gbé e ṣubú, á kọ́kọ́ gbé e mì.

Nígbà tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì, tó ń fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò, ó ní abẹ́rẹ́ ayé ìsinsìnyí ni kò dáa. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: kí wọ́n má lé òun kúrò nídìí iṣẹ́. Bí a bá ti wọ yàrá Dókítà, tí Dókítà sì yà sẹ́yìn lọ fọwọ́, á ní kí n bá òun ka káàdì ìdánwò ojú tó wà lára ògiri. Èmi rò pé ìwé ló ń wù ú. Àṣé ó ń há a sórí ni!

Lọ́jọ́ kan Dókítà ní kó kà á. Ó kà á geere. Dókítà wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rọra yọ káàdì náà, ó sì nàka sí ògiri tó ṣófo.

"Ẹ tún un kà fún mi, ẹ̀gbọ́n."

Bàbá mi wú ikọ́, ó ka ògiri lásán látòkè délẹ̀! Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ògiri lẹ kà yẹn o. Mo ti yọ káàdì."

Bàbá mi béèrè pé: "Ṣé mi ò ní rán bàtà mọ́ nìyẹn?"

"Tí wọ́n bá yọ awọ tó bo ẹyinjú yín, ẹ máa rán an. Dókítà ojú ló máa ṣe é, àmọ́ mo máa di ọwọ́ yín mú."

"Tó o bá tú u sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, màá dìde!"

Kò tú u sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí báńdéèjì ojú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Tí kò bá ríran ńkọ́? Báńdéèjì bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Kò wo èmi ọmọ rẹ̀, kò wo Dókítà tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ilẹ̀ ló ń wò, ó sì fajú ro.

"Dókítà, òmùgọ̀ wo ló rán bàtà yìí fún ẹ? Okùn rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ!"

Mo pariwo! Ó ríran! Bàbá mi ríran! Mo dì mọ́ nọ́ọ̀sì tí mi ò mọ̀ rí.

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n," Dókítà fèsì. "Lọ́dún tó kọjá."

"O sì ń wọ̀ ọ́ kiri ìgboro?"

"Ẹ̀yin lẹ rán an."

Bàbá mi wò ó. Ó wá na ọwọ́ sí i.

"Bọ́ ọ. Kíákíá!"

Ẹsẹ̀ lásán ni Dókítà wa fi rìn dé ìdí mọ́tò rẹ̀.