Ohun Tí A Kò Pè Ní Oògùn

Ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa fi aṣọ bo imú lọ sọ́jà ni ọkọ mi kú. Iṣu tuntun ti jáde, a kò sì tíì kórè àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní òun lè wá nọ́ńbà ọdún náà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ikú àbúrò ọkọ mi ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn méjèèjì jọ ń dá oko kan lọ́nà Moretan, wọn a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìdí ebè kan dé òmíràn. Nígbà tí a sin àbúrò, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ọkọ mi. Á jókòó ti ọkọ́, kò ní gbé e. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù mẹ́rin, mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé, ìlú ńlá tó súnmọ́ wa.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ní sùúrù. Faransé ló ń sọ. Nọ́ọ̀sì á yí i sí èdè Éwè tí àwa náà gbọ́. Ó ní bí ìbànújẹ́ bá pẹ́ báyìí, àìsàn ni, ó sì ní oògùn. Ó wá béèrè bóyá ọkọ mi ń lo oògùn mìíràn. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Rárá o. Kò lo nǹkan kan."

N kò purọ́. Hóró kan wà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń gbé mì kí wọ́n tó lọ kọ ebè, tramadọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọléèwé ń pè é. Àwa ń pè é ní agbára. Obìnrin tó ń ta ìṣáná àti ṣúgà lọ́jà ló ń tà á fún wa, méjì-méjì nínú bébà. Ó ń pa ìrora ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi bá gbé e mì, á ní, "Ìyá ilé, kúrò lọ́nà, màlúù ń bọ̀." Aláìsàn ló ń lo oògùn. Èyí, bí ọkọ́ àti àdá ló rí lójú wa.

Oògùn dókítà ṣiṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó bú mi pé ọbẹ̀ mi kò níyọ̀, inú mi dùn títí mo fi sunkún. Ó gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó ti mú kí ara rẹ̀ rọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, ló bá padà sídìí agbára, méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, kò sì dá ti dókítà dúró.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ti oko dé lọ́sàn-án, ó ń làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta fúnra rẹ̀, ara gbóná, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó ń wo nǹkan tí n kò rí. Mo ní ibà ni. Ó ní kí n fún òun ní agbára, bóyá gbígbọ̀n náà á dúró. Etí aṣọ mi ni mo so ó mọ́. Mo tú u, mo fún un lọ́kan, mo gbé omi sí i lẹ́nu.

Ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo fún un.

Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi le bí igi. A gbé e sáàárín èmi àti alálùpùpù, ó di Atakpamé. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí náà ló pàdé wa. Ó béèrè ohun tó lò. Mo ní oògùn yín nìkan ni.

"Kò sí nǹkan mìíràn, Màmá? Kódà lóko?"

"Àfi agbára."

"Kí ni ẹ ń pè ní agbára?"

Mo fi èyí tó kù hàn án. Kò bú mi. Ó sáré pe dókítà. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ń fi aṣọ tútù nù ún. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kan náà ni oògùn ìbànújẹ́ àti hóró yẹn ń mú pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Díẹ̀ rẹ̀ ń gbé ọkàn ró, bó bá pọ̀ jù, á di májèlé. Ó ní bí àwọn bá ti mọ̀ ni, àwọn ì bá ti kìlọ̀.

Ó kú lọ́jọ́ kejì, ní ìyálẹ̀ta. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ibà ló pa bàbá wọn. Ó tó ọdún kan tí mo fi gbé e sínú, títí di ọjọ́ tí àkọ́bí mi ọkùnrin di ẹ̀yìn mú lóko, tó yọ bébà kékeré kan lápò. Mo ní kó pe àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Mo sọ fún wọn pé dókítà bi wá, èmi ni mo dáhùn, èmi náà ni mo sì gbé èyí tó kẹ́yìn sí i lẹ́nu. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ní, "Ìyá, ẹ kò mọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò mọ̀, ó sì kú. Mo ní ohunkóhun tó bá gba ọ̀fun wọn kọjá tí kì í ṣe oúnjẹ, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ agbára, kí wọ́n kà á fún dókítà. Bí kò bá sì béèrè, kí wọ́n kà á fún un náà.